Àgbò Ẹ̀yìn Iléyá: Ẹ̀kọ́ Lórí Ríra Ohun Tí Ọjà Kọ̀ Sílẹ̀

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́dún yìí dá lórí owó. Kò sí ìdílé kan nínú wa tí kò ní owó díẹ̀ tí ó ń tọ́jú: owó ilé-ìwé ọmọ, owó Hájì, tàbí owó ilé tí a kò tíì kọ́ parí. Láti ìgbà tí náírà ti ń yí padà lójoojúmọ́ ni àwọn kan ti ń gba àwọn òbí wa nímọ̀ràn pé owó orílẹ̀-èdè báyìí ti wálẹ̀ púpọ̀, ẹ rà á, yóò gòkè. Pé ìpín ilé-iṣẹ́ báyìí, èyí tí à ń pè ní ṣíà, ti di ọ̀pọ̀, ẹ kó o. Ìmọ̀ràn yìí ti sọ àwọn kan di olówó láyé, ó sì ti gbé owó àwọn mìíràn lọ ráúráú. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn.

1. Ìbéèrè mẹ́ta tí ẹni tí ó fẹ́ ra àgbò ń bèèrè

Gbogbo wa ni a mọ bí ọjà àgbò ṣe ń rí. Bí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì, owó àgbò á gun òkè, àwọn èrò á kún ọjà. Bí ọdún bá ti kọjá, oníṣòwò tí àgbò rẹ̀ kò tà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ẹran, á sì tà á ní ọ̀pọ̀. Ọlọ́gbọ́n tí ó bá ra àgbò lọ́jọ́ náà ń ṣe ohun tí ó lòdì sí ti èrò. Nígbà tí wọ́n ń dù ú, kò rà. Nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ nìkan ni ó wò. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi ara rẹ̀. Èkíní: ṣé ara àgbò náà le? Nítorí pé àgbò mìíràn wà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ nítorí pé ó ń wúkọ́, tí yóò sì kú kí oṣù tó parí. Èkejì: ṣé mo ní oúnjẹ tí n ó fi bọ́ ọ títí di ọdún tí ń bọ̀, láìjẹ́ pé ebi yóò mú kí n tà á lójijì? Ẹ̀kẹta: kí ni yóò mú kí àwọn èrò padà wá? Ní ti àgbò, ìdáhùn rọrùn, nítorí pé Iléyá mìíràn ń bọ̀.

Ẹ di ìbéèrè mẹ́ta yìí mú. Àwọn ni a ó fi wọn gbogbo ohun tí ó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

2. Ọkùnrin tí ó ra ìpín nígbà tí ogun dé

Láàrin àwọn tí ó di olókìkí nípa irú òwò yìí ni John Templeton, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1912, tí ó sì kú ní 2008. Ní 1939, nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, ẹ̀rù ba àwọn olówó Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sì ń ta ìpín wọn. Templeton ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ 104 tí iye ìpín kọ̀ọ̀kan wọn kò ju dọ́là kan lọ. Ó ná tó $10,000 lé wọn lórí. Èyí tí ó lé ní 30 nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni gbèsè ti wó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ó tà wọ́n, owó rẹ̀ sì ti di nǹkan bí $40,000. Mẹ́rin péré nínú 104 náà ni ó di asán pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta wa wò ó. Ní ti ìlera, ó mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń ṣàìsàn, ìdí nìyẹn tí kò fi kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ẹyọ kan tàbí méjì. Ó pín in sí 104. Ní ti ohun tí yóò mú èrò padà, ìdí gidi ni ó rí: ogun máa ń fẹ́ irin, aṣọ, ọkọ̀ àti epo, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó dákẹ́ yóò sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ti oúnjẹ àgbò nìkan ni kò yẹ kí a fara wé e, nítorí pé ó yá owó tí ó fi rà wọ́n ni. Ó bọ́ sí i fún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ti yá owó ṣe irú rẹ̀ tí kò bọ́ sí i fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ìtàn wọn.

3. Ọdún tí owó ilẹ̀ Éṣíà ṣubú

Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, 1997, ìjọba Thailand jọ̀wọ́ owó rẹ̀ tí à ń pè ní baht sọ́wọ́ ọjà. Kí ó tó di ọjọ́ náà, nǹkan bí baht 25 ni wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ìjọba ni ó dì í mú síbẹ̀, wọ́n sì ń ná dọ́là inú àpò ìjọba láti fi gbè é lẹ́yìn. Nítorí pé iye náà kò yí padà, àwọn oníṣòwò àti báǹkì yá dọ́là lọ́pọ̀ yanturu láti òkè òkun, gbèsè tí ó yẹ kí wọ́n san láìpẹ́, wọ́n sì fi kọ́ ilé tí kò rí ayálégbé. Nígbà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn, tí dọ́là inú àpò ìjọba sì gbẹ, ọwọ́ tí ó di baht mú já. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní 1998, ó ti lé ní baht 50 sí dọ́là kan.

Ìbẹ̀rù náà ràn bí iná ọyẹ́. Ní Indonesia, rúpíà tí ó jẹ́ nǹkan bí 2,400 sí dọ́là kan ní àárín 1997 kọjá 16,000 ní oṣù kẹfà 1998. Ní Màléṣíà, ríngìtì tí ó jẹ́ nǹkan bí 2.50 kọjá 4.50, kí ìjọba tó so ó mọ́ 3.80 ní oṣù kẹsàn-án 1998. Ní Gúúsù Kòríà, owó tí à ń pè ní won, tí ó jẹ́ nǹkan bí 900 sí dọ́là kan, sún mọ́ 2,000 ní ìparí 1997. Ìjọba Kòríà sá tọ àjọ owó àgbáyé, IMF, lọ. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ 1998, àwọn ará ìlú tò lọ sí báǹkì láti fi òrùka ìgbéyàwó àti wúrà ọmọ wọn sílẹ̀ kí ìjọba lè rí dọ́là san gbèsè. Ìjọba Kòríà sì san owó IMF tán ní oṣù kẹjọ 2001.

Ọjà ìpín ní òǹkà kan tí wọ́n fi ń wọn bí gbogbo ìpín ṣe ń lọ sókè tàbí sódò. Òǹkà ti Kòríà wálẹ̀ dé 280 ní oṣù kẹfà 1998. Nígbà tí 1999 ń parí, ó ti kọjá 1,000. Ẹni tí ó rà nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá rí owó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ láàrin oṣù 18. Templeton wà lára àwọn tí ó kó owó lọ síbẹ̀.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé àgbò náà kò kú. Ilé-iṣẹ́ wà, èbúté wà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ wà. Wọ́n tún rí i pé ìṣubú owó náà lè ṣe ilé-iṣẹ́ kan láǹfààní. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń san owó iṣẹ́ ní won, tí ó sì ń ta ẹ̀rọ fún Amẹ́ríkà ní dọ́là, owó tí ń wọlé fún un pọ̀ sí i nígbà tí won wálẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ gbèsè dọ́là rẹpẹtẹ, gbèsè náà gùn ún lórí pa. Daewoo, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní Kòríà, wó lulẹ̀ ní 1999. Ìlú kan náà, ìjì kan náà, ṣùgbọ́n àgbò tí ó le àti èyí tí ń wúkọ́ kò jọ bá ara wọn dé òpin.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin lẹ́yìn náà. Nígbà tí 2000 ń parí, òǹkà Kòríà ti tún wálẹ̀ sí nǹkan bí 500. Ẹni tí ó wọlé nígbà tí ìròyìn ayọ̀ kún ìwé ìròyìn pàdánù ìlàjì owó rẹ̀.

4. Owó bébà kì í bímọ

Ibí yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà, a sì rọ̀ yín kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìpín ilé-iṣẹ́ àti owó orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè wálẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ìpín dà bí àgbò. Ilé-iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó ń tà, ó ń jèrè, ó lè dàgbà, ó sì lè bímọ. Owó bébà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá kó rúpíà mílíọ̀nù méjì sínú àpótí ní 1998, tí o ṣí i lónìí, rúpíà mílíọ̀nù méjì náà ni o ó bá. Ìjọba sì lè tẹ òmíràn kún un nígbàkigbà. Kò sí òfin kan tí ó sọ pé owó tí ó ti wálẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀rí rẹ̀. Láti 1997 títí di òní, baht kò padà sí 25, ríngìtì kò padà sí 2.50, rúpíà kò sì súnmọ́ 2,400 mọ́ láé. Ní 2024 ó tún kọjá 16,000. Ṣùgbọ́n òǹkà ọjà ìpín Indonesia, tí ó wálẹ̀ kọjá 300 ní 1998, kọjá 7,000 ní 2022. Owó kò padà, ilé-iṣẹ́ dàgbà. Ẹni tí ó fi bébà pamọ́ tí ó ń retí ìgbà àtijọ́ ṣì jókòó sí ibi tí ó wà. Ẹni tí ó ra ilé-iṣẹ́ tí ó le, tí ó sì mú sùúrù fún ọdún púpọ̀, rí èrè ìdúró rẹ̀.

Ti Zimbabwe burú ju ìyẹn lọ. Ìjọba ibẹ̀ tẹ owó títí ó fi tẹ ẹyọ bébà kan tí ó jẹ́ dọ́là Zimbabwe tírílíọ̀nù 100. Ní 2009 wọ́n pa owó náà tì. Nígbà tí wọ́n ń kó èyí tí ó kù nílẹ̀ ní 2015, ẹni tí ó bá ní tó kuadirílíọ̀nù 175 nínú àpò báǹkì rẹ̀ gba dọ́là Amẹ́ríkà márùn-ún péré. Ẹni tí ó rà á nítorí pé "kò tún lè wálẹ̀ ju báyìí lọ" kọ́gbọ́n. Ohun tí ó ti wálẹ̀ ṣì lè wálẹ̀ sí i, títí yóò fi kan òdo.

5. Ilẹ̀kùn méjì ni ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ní

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2008, òǹkà ọjà ìpín Nàìjíríà kọjá 66,000. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ń yá owó ra ìpín báǹkì. Láàrin ọdún kan, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ọdún 2023 ni ó tó kọjá ibi tí ó wà ní 2008, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 15.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ọpẹ́ ni, owó ti padà." Ẹ mú sùúrù díẹ̀. Ní 2008, nǹkan bí ₦117 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Nígbà tí òǹkà náà tún dé 66,000 ní 2023, dọ́là kan ti lé ní ₦700. Yàtọ̀ sí èrè ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ ń pín, iye ìpín náà lójú dọ́là kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn méjì ni owó ń gbà jáde: iye ìpín jẹ́ ọ̀kan, iye owó ìlú jẹ́ èkejì. Ẹni tí ó ti ọ̀kan tí kò ti èkejì kò tíì tilẹ̀kùn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan. Ní 2024, wọ́n kọ́kọ́ kéde ₦4,900,000 gẹ́gẹ́ bí owó Hájì. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún náà, nítorí pé náírà ti wálẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tí ó ti sanwó fi ₦1,900,000 ó lé díẹ̀ kún un. Àwọn bàbá àti ìyá tí ó ti ń tọ́jú náírà fún ọdún púpọ̀ rí i pé ohun tí wọ́n tọ́jú kò tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ọjọ́ iwájú jẹ́ ti òkè òkun, tí ó sì ń fi náírà nìkan tọ́jú owó rẹ̀, ti dókòwò nínú owó ìlú láìmọ̀.

6. Nígbà tí èrò bá kún ọjà

Apá kejì ẹ̀kọ́ yìí ni ìgbà tí ó yẹ kí a kúrò. Templeton ti ń ra ìpín Jàpáànù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn àjèjì kò kà á sí. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń yin Jàpáànù ní àwọn ọdún 1980, ó ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òǹkà ọjà náà dé 38,915 ní ìparí 1989. Ní oṣù kẹta 2009, kò ju nǹkan bí 7,050 lọ. Oṣù kejì 2024 ni ó tó kọjá ibi tí ó wà ní 1989. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí èrò kún ọjà náà ti di ẹni ọdún 34 kí owó bàbá rẹ̀ tó padà.

Jàpáànù kò di ìlú tálákà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń lò. Àgbò tí ó le ni, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni wọ́n fi rà á. Ohun rere pàápàá ní iye tí kò yẹ kí a rà á jù.

7. Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ sí i

Nítorí pé Mùsùlùmí ni wá, ó ku ìbéèrè kan tí ó ṣáájú èrè: ṣé ó tọ́? Ní 1986, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tí ó pàdé ní Amman ní ilẹ̀ Jọ́dánì fẹnu kò pé owó bébà wà ní ipò wúrà àti fàdákà ní ti ríbà àti sàká. Nítorí náà, bí a bá ń pààrọ̀ owó ìlú kan sí òmíràn, ọwọ́ sí ọwọ́ ni, lójú ẹsẹ̀. A kì í dá a sí ọjọ́ iwájú. Òwò tí wọ́n ti ń yá ni lówó èlé láti fi tayò lórí owó tí kò tilẹ̀ dé ọwọ́ ẹni, ríbà àti tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ti ìpín, a ó wo iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Ti ọtí, ti tẹ́tẹ́ àti ti owó èlé kò sí fún wa. Láti 2012 ni ọjà ìpín Nàìjíríà ti ní òǹkà kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó bá ìlànà Ìsìláàmù mu. Kí olúkúlùkù bi àwọn àlùfáà tí ó mọ̀ nípa òwò kí ó tó dáwọ́ lé e.

8. Àkójọpọ̀ ẹ̀kọ́

- Ọ̀pọ̀ nìkan kì í ṣe ìdí láti ra ohunkóhun. Bèèrè ohun tí ó mú un wálẹ̀: ṣé èrò ni ó tú, àbí àìsàn ni?
- Má ṣe fi owó tí o ó nílò láìpẹ́ ṣe é: owó ilé-ìwé, owó oògùn, owó oúnjẹ. Owó tí ó lè jókòó fún ọdún púpọ̀ ni.
- Má ṣe yá owó ṣe é.
- Má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹyọ kan, ìlú kan tàbí owó ìlú kan.
- Owó tí ó ti wálẹ̀ kò jẹ wá ní ìpadàbọ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ retí, kí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́.
- Ẹni tí ó bá ṣèlérí èrè fún ọ lóṣooṣù láìsí àdánù, sá fún un. Templeton pàápàá pàdánù lórí mẹ́rin nínú 104.

Igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

1. Bàbá kan fi $1,000 ra rúpíà nígbà tí dọ́là kan jẹ́ 2,400. Rúpíà mélòó ni ó gbà? Bí dọ́là kan bá di rúpíà 16,000, dọ́là mélòó ni owó rẹ̀ kù sí?
2. Ìpín kan wálẹ̀ láti ₦100 sí ₦50. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó fi wálẹ̀? Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ fi gòkè kí ó tó padà sí ₦100? Kí ni ìdí tí ìdáhùn méjèèjì kò fi dọ́gba?
3. Ìyá kan ní ₦4,000,000 tí ó ti pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí sàká sì ti kàn án. Bí sàká bá jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èló ni yóò yọ?
4. Fi ìbéèrè mẹ́ta ti àgbò ṣàlàyé ìdí tí ẹni tí ó ra ìpín Kòríà ní 1998 fi jèrè, tí ẹni tí ó tọ́jú owó Zimbabwe fi pàdánù.

Kí Ọlọ́hun fi òye àti sùúrù jíǹkí wa, kí Ó sì bùkún ohun tí ọwọ́ wa ń kó jọ lọ́nà ẹ̀tọ́. Àmín.